Ọjọ́ Tí Mo Rí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi ni Ogun Dé

Ààrọ̀ Sátidé ni. Mo ti gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní mọ́ọ̀lù tí mo ti ń ṣe síkiọ́ríìtì ní Mirdif. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo wọ búláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Muwaileh tí mò ń gbé ní Sharjah, mo bọ́ sínú metro, ọkọ̀ ojú irin Dubai, mo jókòó sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Nínú báàgì mi, mo ní náílọ́nù kan tí mo ká ìwé kan sí. Mo ń lọ rí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, obìnrin tí n kò fojú rí rí.

Ìró àkọ́kọ́ dún nígbà tó ku ibùdókọ̀ mẹ́rin kí n dé ibi tí mò ń lọ. Mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni, torí kò sí ọjọ́ tí wọn kì í kọ́lé ní Dubai. Nígbà tí èkejì dún, ilẹ̀ ọkọ̀ náà gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni gbogbo fóònù tó wà níbẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo kan bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi irin ha irin. Ọ̀rọ̀ jáde lójú fóònù ní èdè Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì: kí oníkálukú wá ibi ààbò, kí a jìnnà sí fèrèsé. Fèrèsé ló wà lọ́tùn-ún wa, fèrèsé ló wà lósì.

Metro náà rọra wọ ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo rí ilà funfun méjì lójú ọ̀run, iná kékeré kan là láàárín wọn, ó sì kú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìró rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń jà jìnnà sí wa, ìjà náà kì í sì í ṣe tiwa, àmọ́ ojú ọ̀run wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Ohun tí wọ́n bá sì yìn lulẹ̀ níbẹ̀, orí ẹnì kan ló máa já lé.

Ó yẹ kí n padà sílé. Ohun tí èèyàn tó ní làákàyè máa ṣe nìyẹn. Mo pe nọ́ńbà obìnrin náà, kò wọlé. Mo bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Jumeirah Lake Towers, tí gbogbo wa ń pè ní JLT.

Ẹ̀yin ọmọ Kúnlé àbúrò mi, ẹ ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ní ẹ̀gbọ́n bàbá tí n kò mọ̀. Bàbá mi, bàbá yín àgbà, Dáfídì Pupa ni wọ́n ń pè é ní Ebute Metta. Àwọn tó bá fẹ́ bú u á pè é ní ọmọ Kóráà. Kóráà ni àwọn ará Èkó máa ń pe àwọn oníṣòwò tó wá láti Lẹ́bánónì àti Síríà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù Kóráà kan tó ń ta aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kóráà náà padà sílùú rẹ̀ nígbà tí bàbá mi ṣì ń rá kòrò. Màmá bàbá mi kò sọ ju ìyẹn lọ títí wọ́n fi kú. Ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi lò kẹ́yìn nílé ìwòsàn, wọ́n bi mí lórí fóònù pé, “Fọlákẹ́, níbi tó o wà yẹn, ṣé o kì í rí àwọn tó jọ mí?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Dádì, gbogbo ará ibí ló jọ yín.” Wọ́n ní àwọn kò bá mi ṣeré.

Lẹ́yìn tí a sin wọ́n, Kúnlé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun ṣí ìwé àtijọ́. Níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ bàbá ọmọ sí, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ ọ́ pé: Nísímù Ṣámà, oníṣòwò aṣọ, ará Hálẹ́bù. Ìlú kan ní Síríà ni Hálẹ́bù. A béèrè orúkọ yẹn káàkiri lọ́wọ́ àwọn Kóráà àtijọ́ tó kù l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún náà ni ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ra ìgò àyẹ̀wò DNA méjì, ó ní òun ò nílò èkejì mọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tu itọ́ sí i, mo fi ránṣẹ́.

Ibi tí àwa síkiọ́ríìtì ti ń jẹun ni mo wà nígbà tí èsì dé. Ó ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mi wá láti ilẹ̀ Yorùbá àti àyíká rẹ̀. Ìdá kan yòókù, Júù. Kò sọ pé Lárúbáwá, kò sọ pé Lẹ́bánónì. Mo pa fóònù náà, mo tún un tàn, bóyá ó máa yí padà.

Lábẹ́ èsì náà, wọ́n to orúkọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wa jọra. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ìbátan tó jìnnà, ní Amẹ́ríkà, ní Brazil. Ẹni tó wà lókè pátápátá ló sún mọ́ mi jù: Rákélì Ṣámà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ní Manchester. Mo kọ̀wé sí i. Ó béèrè ìlú tí wọ́n ti bí bàbá mi. Mo ní Èkó. Kò fèsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó wá fèsì, ó kọ ọ́ pé: “Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Lagos nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwa wà ní Manchester. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa rí.” Ọbàkan ni òun àti bàbá mi nìyẹn. A kọ̀wé síra wa fún ọdún kan gbáko. Nígbà tó rí i pé visa England kò rọrùn fún mi, ó ní òun máa wá sí Dubai, òun á lo ọ̀sẹ̀ méjì, ká lè mọ ara wa.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè padà sílé lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo dé ilé gíga tó wọ̀ sí, gíláàsì ti kún ojú títì. Ohun kan ti já bọ́ lu ilé tó kọjú sí i. Kòfí, ọmọ Ghana tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, sọ fún mi pé gbogbo àwọn tó ń gbé lókè ti sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ilé, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọdé wà, ajá wà, ọkùnrin kan wà tó ṣì wọ aṣọ ìlùwẹ̀ẹ́. Mo rí obìnrin funfun kan tó jókòó lórí àpótí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Bí bàbá mi ṣe máa ń jókòó níwájú ilé nìyẹn. N kò wo ẹlòmíì mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni Rákélì?”

Ó wò mí títí. “O ga ju bí mo ṣe rò lọ,” ó ní.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi nìyẹn. Mo jókòó tì í. A kò dì mọ́ra wa. A kò tíì mọ bí a ṣe máa ṣe é.

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni a wà níbẹ̀. Bí ìró bá ti dún lókè, eruku á já bọ́ láti ara sìmẹ́ǹtì, àwọn mọ́tò kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra wọn. Ọkùnrin aláṣọ ìlùwẹ̀ẹ́ ń ka iye ìró náà sókè títí ìyàwó rẹ̀ fi ní kó dákẹ́. Bàtà pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi sínú yàrá àlejò ni Rákélì wọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò mú nǹkan kan dání àfi báàgì ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti yọ ìwé àdúrà kékeré kan jáde, ti bàbá rẹ̀. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, bàbá náà ti kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ní èdè Hébérù. Orúkọ mẹ́rin ni. Mẹ́ta nínú wọn, Rákélì mọ̀ wọ́n: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú, òun fúnra rẹ̀, àti Éfúráímù àbíkẹ́yìn. Ìkẹrin wà láàárín òun àti Éfúráímù.

“Ìyá wa ní ọmọ tó kú ni,” ó ní. “A ò bi wọ́n mọ́.”

Ó fi ìka sábẹ́ ìlà náà, ó kà á fún mi: Dáfídì.

Mo yọ ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi bàbá mi tí Kúnlé fi ránṣẹ́ jáde nínú náílọ́nù mi, ọjọ́ tí wọ́n bí wọn wà nínú rẹ̀. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n lò kì í ṣe ọ̀kan náà, ó ní láti fi fóònù ṣírò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kan náà ni.

“Wọn ò kú nígbà yẹn,” mo ní. “Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kú.”

Ó pa ìwé náà dé. Ó béèrè bóyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Mo ní àbúrò mi wà níbẹ̀, èmi ò lè lọ torí kọ́ńtíráàtì mi. Ó mi orí. Ìró mìíràn dún, ó di apá mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí tí fóònù rẹ̀ fi dún.

Éfúráímù ló ń pè láti Manchester. Ó ti ń gbìyànjú láti àárọ̀. Rákélì mú kí ohùn rẹ̀ jáde síta, torí ariwo pọ̀.

“Má sọ ohun tó o jẹ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ yẹn. Ṣé o gbọ́ mi? Ta ló wà pẹ̀lú rẹ?”

“Fọlákẹ́ ni.”

“Ẹni tó o bá pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹbí, Rákélì. Wá hòtẹ́ẹ̀lì tó dáa, kó o ti ilẹ̀kùn mọ́ra.”

A wá hòtẹ́ẹ̀lì. Mo pe mẹ́ta, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀kan. Àwọn tí ọkọ̀ òfuurufú já sílẹ̀ ti sùn sí orí kápẹ́ẹ̀tì níwájú àwọn olùgbàlejò. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ti ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Rákélì, ọ̀gá tó ń bójú tó ilé gíga náà wá sọ fún gbogbo wa pé lífìtì ò ní ṣiṣẹ́, pé gíláàsì ti fọ́ ní àwọn àjà òkè, kí ẹni tó bá ní ibi tó lè lọ máa lọ. Àjà kọkànlélọ́gbọ̀n ni yàrá Rákélì wà. Mo wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ibi tí mò ń gbé kò dáa tó, pé obìnrin mẹ́fà ló wà ní yàrá kan, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo la jọ ń lò pẹ̀lú yàrá kejì.

“Ṣé fèrèsé rẹ̀ pọ̀?” ó béèrè.

“Ẹyọ kan ni.”

“Ká máa lọ nígbà náà.”

Taksí kan ṣoṣo ló dúró fún wa. Bàbá arúgbó ará Peshawar ló ń wà á. Ọ̀nà Sharjah tí ọkọ̀ máa ń dí pa lójoojúmọ́ ṣófo fọ́fọ́, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí ju ìró lọ. Èéfín dúdú kan dìde lápá òkun. Bàbá náà wò wá nínú dígí rẹ̀.

“Ọ̀gá rẹ nìyẹn?”

“Rárá,” mo ní. “Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni.”

N kò tíì sọ ọ́ sókè fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá náà mi orí, ó tẹ iná mọ́tò.

Bùsọ́lá ló gba yàrá wa lọ́wọ́ onílé, òun ló pín in fún àwa yòókù ní bedspace, oníkálukú pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún mi. Nígbà tí a wọlé, ó kí Rákélì dáadáa, ó gbé omi fún un, lẹ́yìn náà ló fà mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ má bínú. Ìtàn tí ẹ sọ fún wa lọ́jọ́sí, ṣé Júù ni màmá yìí lóòótọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Lásìkò yìí? Nínú yàrá tó jẹ́ pé orúkọ mi ló wà nínú ìwé ẹ̀?”

“Wọn ò ní ibòmíì.”

“Mi ò ní kí wọ́n kú síta. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ti pọ̀ ju iye tí wọ́n gbà fún wa lọ. Tí ẹnì kan bá lọ sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n máa dá padà sílé. Ọmọ méjì ni mò ń fi iṣẹ́ yìí rán níléèwé ní Ìkòròdú.”

N kò lè bá a jà. Gbogbo ohun tó sọ ni mo ti rò láti JLT. Níbi tí a dúró sí, a gbọ́ ohùn Àlàájà Sìdíkátù láti inú yàrá. Ará Ìlọrin ni wọ́n, wọ́n máa ń wá ra ọjà ní Deira fi ránṣẹ́ sí Èkó. Ogun ká wọn mọ́ ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ẹrù wọn.

“Bùsọ́lá, jẹ́ kí màmá sùn sí bẹ́ẹ̀dì mi tó wà nísàlẹ̀. Èmi á gun tòkè. Tí a bá ń bi ara wa léèrè ẹ̀sìn lásìkò yìí, ta ló máa ṣẹ́kù sínú yàrá?”

Bùsọ́lá wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sẹ́lótéèpù lẹ fèrèsé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Rákélì lò lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ kejì, búrẹ́dì ti tán ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Muwaileh. Ní ọjọ́ kẹta, omi inú ike tán. A ń se omi ẹ̀rọ, a ń jẹ ẹ̀wà àti ẹyin. Ẹran tó wà nínú fíríìjì wa, Rákélì kò lè jẹ ẹ́ torí òfin ẹ̀sìn wọn, ojú sì ń tì í láti sọ. Àlàájà ló kọ́kọ́ mọ̀. “Èmi náà kì í jẹ èyí tí mi ò mọ ẹni tó dú u,” wọ́n ní, wọ́n sì bu ẹ̀wà kún àwo rẹ̀.

A kọ́ bí a ṣe ń mọ ìró. Èyí tó bá dún lókè tó sì gé, wọ́n ti yìn ín lulẹ̀ nìyẹn. Èyí tó bá ń kùn bí ẹ̀rọ ìránṣọ, dírónù ni, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, òun la máa ń bẹ̀rù jù, torí ó máa ń pẹ́ kó tó kọjá. Bó bá ti ń kùn, gbogbo wa á jókòó sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Rákélì á di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, torí wọ́n ní mọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́. Mo máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì, mo sì máa ń rò pé bí mo bá padà, n kò ní bá yàrá náà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rahim, ará Bangladesh tó ń ṣọ́ ilé wa, kan ilẹ̀kùn. Ó mú ìwé kékeré kan dání. Ó ní onílé fẹ́ mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, bí nǹkan bá lọ ṣẹlẹ̀. Bùsọ́lá wò mí. A kó káàdì ìdánimọ̀ wa, Emirates ID, jáde. Nígbà tó kan Rákélì, ó na páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí i. Rahim ka orúkọ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹnu tẹ̀ lé ọ̀rọ̀.

“Kí ni wọ́n jẹ́ sí ẹ?” ó bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni.”

Ó wo Rákélì, ó wo èmi. Ó wo ilẹ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì lọ. Fún bíi wákàtí kan, kò sẹ́ni tó jókòó dáadáa nínú wa. Bùsọ́lá ti di báàgì rẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn tún dún, Rahim ló wà níbẹ̀, sáńdà obìnrin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Gíláàsì wà lórí àtẹ̀gùn,” ó ní. “Èyí tí màmá wọ̀ kò dára.”

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó mọ irú orúkọ tó kà.

Ní ọjọ́ kẹrin, ojú Rákélì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń mí bí ẹni tó sáré. Nígbà tí Àlàájà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí ìka wọ́n tẹ̀ kò tètè dìde. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé oògùn ọkàn òun wà nínú balùwẹ̀ ní JLT, pé òun kò lò ó láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní òun kò fẹ́ yọ wá lẹ́nu. Ilé oògùn tó wà nísàlẹ̀ ilé wa kò ní irú rẹ̀, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa ń gba àwọn tó fara pa nìkan. Mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀, mo wọ bàtà iṣẹ́ mi.

Kòfí ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ní JLT. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní bí mo bá kú sókè, òun ni wọ́n máa bi. Mo sọ orúkọ oògùn náà fún un, mo sì sọ pé ìyá mi ló ni ín. Ó wo ojú mi, ó fún mi ní tọ́ọ̀ṣì.

Àtẹ̀gùn náà kò ní fèrèsé. Mo ka àjà kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ogún, lẹ́yìn náà n kò lè kà mọ́. Mo wà láàárín àjà méjì nígbà tí ìró kan dún tó gbé mi lu ògiri. Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sísàlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń já láti orí ìgbésẹ̀ kan sí èkejì títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo jókòó sínú òkùnkùn. Mo fẹ́ gbàdúrà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó wá sí mi lẹ́nu. Mo bá di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, mo fi ọwọ́ wá ọ̀nà lọ.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú yàrá rẹ̀ kọjá, ìdajì gíláàsì rẹ̀ ti lọ. Mo rí oògùn náà. Lórí tábìlì, lábẹ́ ife, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ń mì. Mo mú un kó má baà fò lọ, torí mo rò pé ó máa nílò rẹ̀. Ojú mi bọ́ sí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn gan-an, ọjọ́ tí a fẹ́ pàdé, ló yẹ kó wọ ọkọ̀ padà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní àjà kọkànlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn nínú àpò. Mo ń bínú. Mo ń bi ara mi pé ta ni mo tìtorí rẹ̀ gun òkè.

Mo fún un ní oògùn, mo fún un ní omi. N kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ ti padà, mo gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó.

“Wákàtí mẹ́ta ni mo fún wa,” ó ní. “Mo rò pé mo máa rí ẹ, màá mọ̀ pé irọ́ ni, màá sì padà sílé. Tí kì í bá ṣe irọ́, a jẹ́ pé bàbá mi fi ọmọ sílẹ̀, kò sì sọ fún wa títí ó fi kú. Mo fẹ́ràn bàbá mi gan-an, Fọlákẹ́.”

“Bàbá mi náà ni mo fẹ́ràn,” mo ní. “Wọ́n wá a títí.”

Kò bẹ̀ mí. Èmi náà kò sọ pé kò sí nǹkan. Nígbà tó pẹ́, ó ní kí n sọ bí bàbá mi ṣe rí fún òun, gbogbo rẹ̀, àti èyí tí kò dáa. Mo sọ fún un pé wọ́n máa ń tètè bínú, pé iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe, pé wọn kì í lè jẹ ata. Ó rẹ́rìn-ín síbi ata yẹn. Ó ní àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Manchester kò lè jẹ ata rí.

Ìró náà dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kẹjọ. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀ fún wa lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, a ń retí rẹ̀, kò dún. Bùsọ́lá dúró lẹ́bàá fèrèsé, kò ṣí i. Ní ọ̀sán, ẹyẹlé bà sórí ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níta, a gbọ́ èékánná rẹ̀ lórí irin. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí ààyè fún Rákélì nínú ọkọ̀ òfuurufú kan tó máa gba ìlú mìíràn kọjá. Bùsọ́lá ló bá a gbé báàgì dé ìsàlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, bí a ṣe ń kí àgbà. Rákélì kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó tẹ̀ba láti gbé e dìde, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Ọdún ti yí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní mọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, bàlúùnù ọmọdé kan bẹ́, àwọn àgbàlagbà tó wọ kóòtù sì dọ̀bálẹ̀ sórí máàbù. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, ẹnikẹ́ni ò fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Àlàájà ti padà sí Ìlọrin, wọ́n ní àwọn ò wá mọ́. Ẹ tún bi mí pé kí la wá jẹ́ báyìí. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, ọmọ Ebute Metta ni mí. Ìdá kan nínú mẹ́rin mi wá láti Hálẹ́bù, láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó sá kúrò níbi tó bímọ sí. Mo ti gba gbogbo rẹ̀. N kò tíì dárí ji gbogbo rẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀ lọ́dọ̀ wọn tí ọjọ́ ìsinmi wọn á bẹ̀rẹ̀, Rákélì máa ń pè mí. A kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Éfúráímù wà nílé rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà ogun. Mo gbọ́ ìró àwo, mo gbọ́ nígbà tó fa àga, mo sì gbọ́ tó béèrè pé ta ló wà lórí fóònù.

“Ọmọ Dáfídì ni,” Rákélì ní.

Mo dúró, mo di fóònù mọ́ etí. Éfúráímù kò béèrè pé Dáfídì wo.